Àpótí tí ọwọ́ ọmọ mi fi tó pẹpẹ

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń gbé ọmọ mi lábíyá sókè síbi síǹkì kó tó lè fọwọ́ kan omi. Bí mo bá gbé e, á máa ta ẹsẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, á figbe ta pé òun ò tíì ṣe tán. Bí mo bá bá a ṣí omi, á tì í pa, á sì tún un ṣí fúnra rẹ̀. "Èmi! Èmi!" Ọ̀rọ̀ kan yìí là ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Òun ni yóò wọ bàtà. Òun ni yóò ti ilẹ̀kùn. Òun ni yóò wọ ṣòkòtò, kódà bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti há sójú kan náà, ẹni tó bá nawọ́ láti bá a yọ ọ́ ti wá ìjà.

Ẹ̀yìn tó ń ro mí ló jẹ́ ká ra àpótí ìdúró. Orúkọ òyìnbó tó máa ń wà lára páálí rẹ̀ ni toddler tower, àmọ́ àpótí là ń pè é nílé. Pákó ni wọ́n fi ṣe é. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, ó ní ìtẹ̀sẹ̀ kan, pèpéle kan tí ọmọ ń dúró lé, àti igi yíká ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọmọ má bàa ré bọ́. Ó ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ọjọ́ kan tí a kì í lò ó, nítorí náà kì í ṣe ìdùnnú ọjà tuntun ni mo fi ń kọ èyí. Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn kúkúrú, òun nìyí: ó dára, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí pé ó ń ṣe, ọwọ́ òbí ló wà, kò sí nínú pákó. Ìdajì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ṣùgbọ́n mi ò fi ojú ọmọ náà wò ó rí. Lọ́jọ́ tí àpótí dé, kí a tó tú u, mo kúnlẹ̀ láàárín ilé ìdáná títí ojú mi fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ọmọ mi. Mi ò rí nǹkan kan tó ń lọ lórí tábìlì. Abẹ́ tábìlì ni mo rí, àti ìdí síǹkì, àti aṣọ ìnuwọ́ tó so rọ̀ lókè téńté. Ìró omi àti ìró ṣíbí nìkan ló ń sọ fún ọmọ kékeré pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan lókè níbẹ̀. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ti rí èyí tipẹ́. Ọdún 1907 ló ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù, kò sì pẹ́ tó fi ní kí wọ́n ṣe tábìlì àti àga tí ọmọdé lè gbé fúnra rẹ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kó má bàa máa dúró de àgbà lórí gbogbo nǹkan.

Kí n tó kàwé díẹ̀, agídí ni mo pe "Èmi!" yẹn. Erik Erikson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló là mí lójú. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1950, ó pín ìgbésí ayé ènìyàn sí ìpele mẹ́jọ, ìpele kejì sì ni ti ọmọ tó ti tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ títí dé ọdún mẹ́ta. Ó ní ohun tí ọmọ ń jà fún lásìkò yẹn ni kí òun lè fi ọwọ́ òun ṣe é, kí òun lè sọ pé "mo fẹ́" àti "mi ò fẹ́", kí òun sì lè di nǹkan mú tàbí kí òun jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń gbà á ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, tàbí tí a ń fi í ṣẹ̀sín nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìtìjú àti iyèméjì ni yóò gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti sọ lọ́sẹ̀ yẹn nìkan pé, "Gbé e wá, o ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti títò rẹ̀ pọ̀. Sípánà kékeré kan wà nínú páálí, bóòtù 16 ló wà níbẹ̀, àwòrán tí wọ́n yà sínú ìwé ìlànà sì yé èèyàn. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú 40. Ihò kan kò ṣe déédéé pẹ̀lú èkejì rẹ̀, bóòtù ibẹ̀ kò wọlé tán. Etí pákó kan nísàlẹ̀ ṣì rí wúruwùru, ó lè gún ọmọ lẹ́sẹ̀, èmi fúnra mi ni mo fi sáńdípépà họ ọ́ kó tó dán. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún wa nípa ihò yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fèsì, bóòtù tó wá fi ránṣẹ́ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ohun tí ọmọ yóò máa gùn, èyí kò bójú mu rárá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fẹsẹ̀ kàn án kí ẹ tó fọwọ́ ra gbogbo etí rẹ̀ pátá, kí ẹ sì mì í tìtì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Ọjọ́ kìíní, èmi ni mo bà á jẹ́. Inú mi ń dùn, mo ki ọmọ mi mọ́lẹ̀, mo gbé e sórí pèpéle náà bí ẹni gbé àwo sórí tábìlì. Ó bú sẹ́kún. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Bàbá rẹ̀ ló ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀ ná." Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yí àpótí náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ gbá a. Ó wo ìtẹ̀sẹ̀, ó wo ojú mi, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gùn ún délẹ̀, ẹkún sì ti gbẹ lójú. Kì í ṣe ẹ̀rù rárá. Mo ti gba ohun tí òun fẹ́ ṣe lọ́wọ́ òun ni.

Gígùn kò wá le tó sísọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú síwájú sọ̀ bí àwa àgbà ti ń sọ àtẹ̀gùn, bó bá sì gbé ẹsẹ̀ báyìí, orí ni yóò ṣíwájú. Mo ní, "Kọ ẹ̀yìn sí mi." Kò yé e. Mo bá tẹ̀ ba, mo fi ìka gbá orí ìtẹ̀sẹ̀ náà, kó, kó, kó. Ó gbọ́ ìró yẹn, ó yí padà sí i. Ó di igi mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó dì í débi pé orí ìka rẹ̀ funfun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wá sọ̀ kalẹ̀. Ó na àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà, kò bá nǹkan kan, ó fà á padà. Ó tún nà án. Àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí, wọ́n ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń wá bọ́tìnnì iná nínú òkùnkùn. Kò ju ìbú ìka kan lọ tó kù. Gbogbo ara mi ń wí pé kí n di ẹsẹ̀ kékeré yẹn mú, kí n gbé e síbi tó yẹ kó wà, kí gbogbo wa sinmi. Ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀, kò kàn án, ó kàn ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Àtàǹpàkò náà kan pákó. Ẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbọ́ bó ṣe mí, fúù.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kejì délẹ̀, kò pariwo, kò sì wojú mi pé kí n pàtẹ́wọ́. Ó tún un gùn. Ìgbà 11 ni mo kà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní 1976, àwọn olùwádìí mẹ́ta, David Wood, Jerome Bruner àti Gail Ross, kọ̀wé nípa bí àgbà ṣe ń ran ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ́wọ́ láti to àwọn igi kéékèèké pọ̀ di ilé ṣóńṣó. Wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ yẹn wé igi tí àwọn bíríkìlà máa ń dè mọ́ ara ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́: ó ń gbé iṣẹ́ ró títí ilé yóò fi lè dá dúró, lẹ́yìn náà wọn a tú u kúrò. Mi ò mọ ohun mìíràn tó ṣàlàyé ọwọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bọ́ sára igi àpótí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mò ń nu àwo, tí mo kàn ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ọwọ́ náà á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta àpótí yìí kò sọ èyí síbì kankan, bẹ́ẹ̀ òun ni iṣẹ́ náà gan-an: ká mọ ìgbà tí ọwọ́ ẹni yóò wà níbẹ̀ àti ìgbà tí yóò kúrò.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá wọn rò nípa igi ẹ̀yìn. Igi kan wà tí wọ́n ń fi dí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọlé, pínnì tí wọ́n sì fi há a wà níta, àgbà nìkan ló lè yọ ọ́. Bí ẹ bá há a sí ihò ìsàlẹ̀, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ti há mọ́ ibẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ "òmìnira" sì nìyẹn lára páálí ní lẹ́tà gàdàgbà. Emmi Pikler, dókítà àwọn ọmọdé ní Budapest, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ilé àwọn ọmọ kéékèèké kan níbẹ̀ ní 1946, ní ìlànà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ká má gbé ọmọ sí ipò tí kò lè fúnra rẹ̀ dé, ká sì má fi í síbi tí kò lè fúnra rẹ̀ kúrò. Mo fi ìlànà yẹn wo igi ẹ̀yìn yìí, kò yege.

Ihò méjì ni igi náà ní, a dúpẹ́. Ìwé ìlànà gbà kí wọ́n gbé e sí ihò òkè fún ọmọ tó ti ń dúró dáadáa. Ibẹ̀ la gbé e sí. Yóò gba ẹ̀yìn ọmọ dúró bó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àmọ́ bó bá fẹ́ kúrò, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Orí rẹ̀ kọlu igi náà lẹ́ẹ̀mejì. Báyìí, á bẹ̀rẹ̀, á yí padà, á wá ìtẹ̀sẹ̀, á bọ́ sílẹ̀, kò sì ní dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró.

Ibi tí àpótí yìí ti sanwó ara rẹ̀ ni síǹkì. Pèpéle rẹ̀ ní ipele mẹ́ta, a gbé e sí èyí tó jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ dọ́gba pẹ̀lú etí síǹkì. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á máa fà á lọ síwájú. Bó bá rẹlẹ̀, omi á máa ṣàn gba apá rẹ̀ wọ inú aṣọ. Ní àràárọ̀ ni ó ń fọwọ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó. Á kọ́kọ́ fa apá aṣọ sókè. Apá òsì á lọ, apá ọ̀tún kì í fẹ́ẹ́ lọ, á fi eyín fà á. Á ṣí omi díẹ̀ bí okùn, nítorí a ti fi hàn án bẹ́ẹ̀. Á mú ọṣẹ, ọṣẹ á yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á yí nínú síǹkì lẹ́ẹ̀mẹta, á máa lé e káàkiri bí ẹni ń lé ẹja. Á fi gbogbo ọkàn rẹ̀ pa ẹ̀yìn ọwọ́, á gbàgbé inú ọwọ́ pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Bí mo bá fọ̀ ọ́ fún un, ogún ìṣẹ́jú àáyá ti tó.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí àpótí yìí gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní láti jí ṣáájú bí mo ti ń jí tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ tí a bá ti pẹ́, mo máa ń sọ fún un kí a tó dé ibẹ̀: "Lónìí, èmi ni màá fọ̀ ọ́, nítorí a ń kánjú. Lálẹ́, ìwọ ni." Ó máa ń sunkún nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó sàn kí n sọ fún un tẹ́lẹ̀ ju kí n já ọṣẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ tí mo bá sì ti ṣèlérí, mi ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́.

Ohun kan wáyé níbẹ̀ tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Díńgí wà lókè síǹkì ibi tí a ti ń fọyín. Ọmọ mi ti rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lórí apá mi, ojú tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí a gbé àpótí síbẹ̀, òun nìkan ló wà nínú díńgí, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó dákẹ́. Ìfófò ọṣẹ wà nímú rẹ̀. Ó wò ó, ó rọra gbé ọwọ́, ó nù ún kúrò nímú ara rẹ̀, kì í ṣe lára díńgí. Ìdánwò tí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Beulah Amsterdam, fi mọ̀ bóyá ọmọdé ti mọ ara rẹ̀ nìyẹn, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1972: wọn a fi àwọ̀ pupa sí ọmọ nímú láìjẹ́ kó mọ̀, wọn a gbé e síwájú díńgí. Ọmọ ọdún kan kì í sábà fọwọ́ kan imú rẹ̀. Láàárín oṣù 18 sí 24, ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àsìkò tí ọmọ ń mọ̀ pé òun ló wà nínú díńgí ni àsìkò tí "Èmi!" ń gbalé kan. Kò tún ṣòro fún mi mọ́ láti mọ ibi tí ariwo yẹn ti ń wá.

Ohun kan wà nínú páálí náà tí mo kó dànù: bébà ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà tó ń lẹ̀, méjìléláàádọ́ta. Ìwé ìlànà ní kí a máa lẹ ọ̀kan mọ́ àpótí ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fọwọ́, tó bá fọyín, tó bá bá wa nu tábìlì. A dán an wò fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ mi tẹ ọwọ́ bọ omi, ó fà á yọ, ó nà án sí mi pé "ìràwọ̀". Ọṣẹ kò kàn án. Inú mi bàjẹ́, nítorí ọmọ tó ti ń lé ọṣẹ kiri síǹkì fún ìdùnnú ara rẹ̀ ni mo ti sọ di ẹni tó ń gbowó iṣẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti rí irú rẹ̀. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún kí wọ́n tó yà á kò tún fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́ nígbà tí kò sí ẹ̀bùn. Felix Warneken àti Michael Tomasello wá fi hàn ní 2006 pé ọmọ oṣù 18 máa ń ran àgbà lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́: bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ àgbà, á gbé e fún un. Ní 2008, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ oṣù 20 tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn nítorí ìrànlọ́wọ́ kò ranni lọ́wọ́ tó àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Ó ti wà nínú wọn. Kò yẹ kí a máa fi bébà ìràwọ̀ rà á lọ́wọ́ wọn. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ mi tó gbàgbé ìràwọ̀. Ohun tí mò ń sọ báyìí kò ju ohun tí mo rí lọ: "O ti pa ẹ̀yìn ọwọ́. Inú ọwọ́ ńkọ́?" Á ṣí ọwọ́, á wò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa nǹkan kan tó jọ ọ̀rọ̀ yìí. Òmìnira kò túmọ̀ sí pé kí a da ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Edward Deci àti Richard Ryan, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí wọ́n ti ń kọ nípa èyí láti ọdún pípẹ́, so nǹkan mẹ́ta pọ̀ tí ènìyàn nílò: kí ó ní ọwọ́ nínú ohun tó ń ṣe, kí ó lè ṣe é yọrí, kí ó sì ní àwọn tó sún mọ́ ọn. Àpótí yìí ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí mo bá dúró tì í. Bí mo bá fi í síbẹ̀ tí mo lọ tẹ fóònù, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí omi yóò fi dé ilẹ̀. Yíyàn tí mo bá sì fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ yíyàn tòótọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bi í pé, "Ṣé o fẹ́ fọyín?" Á ní "Rárá," màá sì fọ̀ ọ́ fún un tipátipá. Irọ́ ni ìbéèrè yẹn. Báyìí, mo ní, "Ó ti tó àkókò eyín. Ife pupa àbí ife búlúù?" Fífọ eyín kò sí lórí tábìlì fún ìdúnàádúrà, ṣùgbọ́n ife jẹ́ tirẹ̀. Bó bá mú pupa tó tún pa dà sí búlúù, mo máa ń ní sùúrù lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọjà, Consumer Product Safety Commission, ti kìlọ̀ nípa oríṣiríṣi irú àpótí yìí nítorí pé àwọn kan lè ṣubú, àwọn mìíràn ní àlàfo tí ọmọ lè há sí. Tiwa ní ìdí gbígbòòrò àti rọ́bà lẹ́sẹ̀, kò tíì mì rí. Kílò mẹ́jọ ni, mo rò pé ọmọ mi kò lè sún un. Mo ṣìnà. Ní oṣù kẹta, ó tì í díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán títí dé ìdí dúrọ́ọ̀, ó gùn ún, mo sì bá a pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tó ṣí lọ́wọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Má fọwọ́ kàn án, má fọwọ́ kàn án," àlùmọ́gàjí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó mọ òfin náà. Apá iwájú ọpọlọ tó ń dá ọwọ́ dúró kì í tètè gbó, ó ń dàgbà lọ títí ènìyàn fi lé lógún ọdún, ọmọ ọdún méjì kò lè fi òfin ẹnu nìkan dá ara rẹ̀ lẹ́kun. A kó gbogbo nǹkan mímú lọ sókè, a sì ń gbé àpótí kúrò nínú ilé ìdáná nígbà tí a kò bá lò ó. A kì í gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná láé.

Ìyá mi kò gba ti àpótí yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Wọ́n na ọwọ́ láti gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é." Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kó fọ́ lórí ni?" Mo ní mo wà níbí. Wọ́n fọwọ́ wọn méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n sì dì wọ́n pọ̀ níbẹ̀, mo rí bó ṣe le tó fún wọn. Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó yí padà, ó wá ìtẹ̀sẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Màmá ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn wọn láti yàrá: "Inú ọwọ́ ńkọ́, ọkọ mi? O ò tíì pa inú ọwọ́."

Bí àyè kò bá tó nílé yín, àpótí onípele méjì lásán tí kò ní igi yíká lè ṣe iṣẹ́ síǹkì dáadáa fún ọmọ tó ti pé ọdún méjì ààbọ̀, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti tì sábẹ́ nǹkan. Fún ọmọ tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo fara mọ́ èyí tó ní igi. Ẹni tí kò bá sì ní àyè láti dúró tì í ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó má tíì rà á, nítorí yóò kàn di ohun tuntun mìíràn tí a fi ń kánjú ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é tún ṣe ni etí pákó, ihò bóòtù, àti igi ẹ̀yìn: kí wọ́n jẹ́ kí ihò òkè jẹ́ ipò rẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìlànà bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti kọ ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n yọ àwọn ìràwọ̀ kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ga ju etí síǹkì lọ, ó tó àkókò láti gbé pèpéle sí ipele ìsàlẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́, mo gbé sípánà náà fún un. Kò lè yí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó tẹ̀ ẹ́, bóòtù kò mì. Mo gbé ìka kan lé ìdí sípánà, mo tì í díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó wo ìka mi. Ó ní, "Ọwọ́ kúrò, Mọ́mì."

Mo gbé e kúrò. Bóòtù ti dẹ̀ nígbà yẹn, ó sì fi ọwọ́ tú u tán.